Ògiri Àárín Ilé Ìdáná Méjì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìlú Oǹdó, ilé wa kò ní kíṣíìnì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé lójú ẹ̀yin ọmọ òde òní, ilé tí kò bá ní kíṣíìnì kì í ṣe ilé, àmọ́ ilé ni tiwa, ó sì tóbi. Àgbàlá ló wà láàrin rẹ̀, yàrá yí àgbàlá náà ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú àwọn yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí la ti ń jókòó, ibẹ̀ la ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni àwa ọmọdé ń sùn sí bí ooru bá mú. Igun kan nínú àgbàlá ni wọ́n to àwọn ààrò sí, obìnrin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Bí òjò bá dé, wọ́n á kó iná sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, èéfín á sì lé gbogbo wa padà sínú òjò tí a torí rẹ̀ sá wọlé.

Ọ̀kan nínú àwọn ààrò yẹn jẹ́ ti màmá mi. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tí mò ń pè ní Ìyá àgbà. Kì í ṣe ìyá bàbá mi o. Ìyálé màmá mi ni, ìyàwó tí bàbá mi kọ́kọ́ fẹ́. Ọmọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni, ní apá Àkúrẹ́ lọ́hùn-ún, níbi tí bàbá mi ti ṣe iṣẹ́ gẹdú nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ọlọ́run kò fún un lọ́mọ. Nígbà tí wọ́n já mi lẹ́nu ọmú, màmá mi gbé mi fún un, bí wọ́n ti í ṣe láyé ìgbà yẹn, kí ìyálé má baà máa dá sùn. Ẹni tó bí mi ni mò ń pè ní Màámi, ẹni tó tọ́ mi ni Ìyá àgbà. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí mò ń pe àwọn àgbà wọ̀nyí ní "ó", ẹ má pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Lédè Oǹdó tiwa, a kì í sọ ẹnìkan ṣoṣo di ogunlọ́gọ̀ kí a tó lè bọ̀wọ̀ fún un.

Kò sí ohun tó pamọ́ nínú àgbàlá. Bí ẹnìkan bá ra ẹran, gbogbo ilé ló mọ bí ẹran náà ti tó. Bí Màámi bá ń bá mi wí, ìyàwó àbúrò bàbá mi á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á sì bá a bá mi wí débi tí Màámi fúnra rẹ̀ á fi máa bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Obìnrin kò lè lóyún kí ó rọra mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀ ná. Kí ó tó dá a lójú, àwọn tó ń fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ti máa gbé omi tó wúwo kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjà náà wà níbẹ̀, kí n má purọ́ fún yín. Mo rí ìjà tó jẹ́ pé orí ata lílọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, tó sì kan ìdílé ẹnìkejì títí dé ìran kẹta. Màámi kórìíra gbogbo rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ìkòkò òun kò yàtọ̀ sí ọjà títà, pé ẹni tó bá ń kọjá ló ń yọjú wò ó.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà nínú ilé náà tí mi ò rí níbòmíràn mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí oòrùn sì yọ, tí iná kò sí lẹ́nu ààrò ẹnìkan, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí. Ẹni tí iná tirẹ̀ ti jó á fa ògúnná kan yọ, á gbé e lọ sẹ́nu ààrò kejì, á sì fi iṣu bíbẹ tàbí èlùbọ́ sínú igbá tẹ̀lé e. Yóò wí pé, "Iná rèé o." Ìyẹn á dáhùn pé, "Iná á jó o." Ó parí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ oúnjẹ, kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́tọ̀, nítorí ta ní ń dúpẹ́ ògúnná? Nígbà tí Màámi bí àbúrò mi ọkùnrin, tí ara rẹ̀ kò yá fún ìgbà pípẹ́, Ìyá àgbà ló ń gbé iná lọ fún un láràárọ̀.

Lẹ́yìn náà ni bàbá mi kọ́ ilé tirẹ̀. Ó ti rí ilé tí wọ́n kọ́ fún olùkọ́ ìjọ ní àdúgbò wa, ilé náà sì wọ̀ ọ́ lójú. Ó fẹ́ pálọ̀, ó fẹ́ yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́, ó fẹ́ fèrèsé onígi tí a kùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilé ìdáná tirẹ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn tirẹ̀, kí ògiri sì wà láàrin. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán. Àwọn èèyàn wá wò ó láti òpópónà mìíràn. Bàbá mi á mú wọn yíká, á sì lu ògiri náà pẹ́pẹ́ bí ẹni ń lu ẹ̀yìn ẹṣin. Á ní nínú ilé tòun, obìnrin kan kò ní í mọ ohun tí èkejì ń sè, pé ìjà ti tán.

Inú Màámi dùn. Láìpẹ́ tí a kó débẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó din ẹyin fún àwa ọmọ rẹ̀ nìkan, ó sì ní kí a nu ẹnu wa kí a tó jáde. Ẹyin náà dùn. Bàbá mi ní mo ti dàgbà, kí n máa sùn lọ́dọ̀ àwọn àbúrò mi ní yàrá ọmọdé. Bó ṣe di pé àárọ̀ nìkan ni mò ń lọ kí Ìyá àgbà nìyẹn. Màá kan ilẹ̀kùn, màá kúnlẹ̀, á bi mí bóyá mo sùn dáadáa, màá sì lọ sílé ìwé.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, orúnkún Ìyá àgbà wú, kò sì lè rin ọ̀nà oko mọ́. Láyé ìgbà náà, ọkọ á gbé iṣu wálé lóòótọ́, àmọ́ obìnrin fúnra rẹ̀ ló ń wá ìyókù. Iṣu ọdún náà kò ṣe dáadáa. Bàbá mi sì ti wọ abà kòkó lọ, kò ní í dé títí wọ́n fi máa ká kòkó tán. Ìwọ̀nba iṣu tí Ìyá àgbà ní tán. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ rántí pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, nítorí pé ní àgbàlá, kò sí ìdí tí èèyàn fi ní láti sọ.

Ohun tó wá ṣe nìyí. Láràárọ̀, ó ń dá iná, ó ń gbé ìkòkò omi ka orí rẹ̀, èéfín sì ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ jáde bó ti yẹ. Màámi á rí èéfín náà láti ẹ̀yìnkùlé, á ní, "Ìyálé mi ti ń dáná." Lóòótọ́, a kì í gbọ́ odó. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ní Oǹdó, odó ló ń sọ fún aládùúgbò pé ẹnìkan fẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n Màámi ní ẹni tí orúnkún ń dùn kò lè dúró gún iyán, pé ẹ̀kọ ló máa ń jẹ. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Gbogbo wa gbà á bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mo rí i. Mo lọ kí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sí nínú ilé ìdáná, ó ti lọ da omi nù lẹ́yìnkùlé. Mo ṣí ìkòkò rẹ̀, bí mo ti máa ń ṣe nígbà tí a wà ní àgbàlá, tó jẹ́ pé ìkòkò rẹ̀ ni ìkòkò mi. Omi ló wà nínú rẹ̀. Omi lásán ló ń hó. Mo wo ilẹ̀, kò sí èèpo iṣu, kò sí èèpo ohunkóhun. Bí mo ti gbójú sókè, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ mọ́ ògiri.

Ó ní lédè Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ rẹ̀, "Bò ó. Uṣu ni mo fẹ́ sè."

Mo bò ó. Mo lọ sọ fún Màámi. Ó ń lọ ata lọ́wọ́. Ó dá ọwọ́ dúró, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìgbà tó yá ló dìde, ó bẹ iṣu tó dára jù lọ nínú tiwa, ó gún un, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, ó gbé e. Ó ní láti gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ jáde, kí ó yí ẹ̀yìn ilé ká, kí ó sì kan ìlẹ̀kùn ìyálé rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Mo rò pé kíkàn yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ìyá àgbà ṣí ìlẹ̀kùn, ó rí oúnjẹ, ó rí Màámi tó ti kúnlẹ̀ tó fi àwo sórí ọwọ́ méjèèjì, ó sì rí èmi. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kí Màámi dáadáa, ó súre fún un.

Ó ní, "Mo ti jẹun, ìyàwó mi. Gbé e padà fún àwọn ọmọ."

Màámi bẹ̀ ẹ́. Kò gbà á. Ohun tó jẹ́ ògúnná ní àgbàlá ti di ìtọrẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn, obìnrin tó sì ti gbé iná fún gbogbo ilé kò lè fi ọwọ́ yẹn gba ìtọrẹ. Màámi ránṣẹ́ sí bàbá mi ní abà. Ó dé pẹ̀lú iṣu àti ẹran gbígbẹ, ó gbé e fún Ìyá àgbà, ìyẹn sì gbà á nítorí ti ọkọ ni. Ó sè é, ó jẹ ẹ́. A rò pé ó ti parí.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì tí a jẹun tán, Ìyá àgbà wọ inú pálọ̀ wá níṣojú gbogbo wa, ó jókòó, ó sì ní, "Wó ògiri yẹn."

Bàbá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi rí i pé kì í ṣe àwàdà. Ó ní òun lè bá a lu ihò sí i, kí ìlẹ̀kùn kékeré kan wà láàrin.

Ìyá àgbà ní, "Ùlẹ̀kùn á tún di ohun tí wọn á máa kàn. Wó o."

Bàbá mi ní ilé tí ará ìlú wá wò, kí òun tún wá máa wó o? Kí ni òun á sọ fún wọn? Ó ní kí ó ní sùúrù, pé òun kò ní í jẹ́ kí ebi pa á mọ́. Ìyá àgbà ní ebi kọ́ ni òun ń sọ, pé bí ògiri náà bá dúró, òun á padà sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ó dìde, ó lọ sùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí di ìgbà tí wọ́n ta iṣu tuntun. Ẹni tó yà mí lẹ́nu jù ni Màámi. Òun tó fẹ́ràn ògiri náà ju ẹnikẹ́ni lọ ló kúnlẹ̀ fún bàbá mi pé kó wó o, kí ìyálé òun má lọ. Bàbá mi ní bí òun bá wó o, wọ́n á ní obìnrin ló ń pàṣẹ nílé òun. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jọ̀wọ́. Ẹni tó gbé ara rẹ̀ gun igi ni, tí kò mọ bí òun á ṣe sọ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn tó ń wò ó.

Ìyá àgbà kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tó lọ, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò akẹ́rù tó gbé e. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló ń wò mí, wọ́n ń retí kí n ké. Ó fi ọwọ́ gbá mi lórí rọra, ó ní kí n máa gbọ́ ti ìyá mi. Ojú mi gbẹ. Mi ò ní ìbànújẹ́ kankan tí mo lè tọ́ka sí. Ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú bí èèyàn bá jókòó lé e pẹ́, tí èèyàn á máa fọwọ́ kàn án bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Bẹ́ẹ̀ ni inú mi rí. Mo rò pé yóò sọjí bó bá yá.

Bàbá mi kó àwọn àgbà ẹbí lọ bẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà ṣe wọ́n lálejò, ó fún wọn lẹ́ja, ó sì ní, "Ẹ wó ògiri, mà á bọ̀ ní ùlé." Wọ́n padà wá. Ògiri dúró. Lọ́dọọdún, bàbá mi ń fi iṣu ránṣẹ́ sí i, ó sì ń gbà á, ó ń kí i pé ó ṣeun. Ó ń gba iṣu, kò gba ẹ̀bẹ̀. Mo máa ń rí bàbá mi nígbà mìíràn tí á lọ jókòó sínú ilé ìdáná tó ṣófo náà, tí á máa wo ògiri tó kọ́. Kò jọ pé ó ń bínú. Ó kàn jókòó ni.

Mo dàgbà, mo di olùkọ́, ìjọba gbé mi lọ sí Àkúrẹ́, ibẹ̀ ni mo sì lọ́kọ sí, ní àdúgbò Ìṣìkàn. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kò jìnnà. Mo ń lọ wo Ìyá àgbà. Inú agbo ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà, ó ń yan ẹja odò tà, ara rẹ̀ sì dán. Bí mo bá ti jókòó, ohun tó ń kọ́kọ́ bi mí ni, "Ògiri ńkọ́?" Màá ní, "Ó wà níbẹ̀, Ìyá àgbà." Á ní, "Ó dáa." Lẹ́yìn náà la ó máa sọ ọ̀rọ̀ ọmọ àti ti ọjà. Bó ṣe ń béèrè nìyẹn títí ó fi kú. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo bá wọn pín oúnjẹ fún àlejò, mo fọ àwo. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń gbóríyìn fún mi pé mo lágbára ọkàn. Agbára kọ́ o. Nígbà tí bàbá mi náà dùbúlẹ̀ àìsàn, ó wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mo rò pé ó máa rẹ̀ ẹ́ ni." Mi ò béèrè ẹni tó ń sọ. Mo bá a gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sókè.

Ẹ̀yin ti ayé òde òní, ẹ ò fẹ́ ògiri mọ́. Ilé tí ọmọ mi ọkùnrin kọ́ sí Àkúrẹ́, tí mò ń gbé báyìí, bí ẹ bá ti ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ẹ ti wà ní pálọ̀, ẹ ti wà níbi ìjẹun, ẹ sì ti wà ní kíṣíìnì. Wọ́n ní óópìn-pílánù ló ń jẹ́. Mo yọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní àgbàlá ti padà dé. Ìyàwó ọmọ mi fi irú se ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, òórùn rẹ̀ wọ inú gbogbo tìmùtìmù àga, àlejò sì ń bọ̀. Láàárín oṣù yẹn ni wọ́n kọ́ kíṣíìnì mìíràn sẹ́yìnkùlé, tó ní ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se gbogbo oúnjẹ. Èyí tó wà ní pálọ̀ wà fún omi tíì àti fún fọ́tò. Mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé wọ́n wó ògiri tán, wọ́n wá lé ìkòkò jáde. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọmọ dáadáa ni wọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ àbúrò mi ní àwọn fẹ́ tún ilé bàbá wa ní Oǹdó ṣe, kí ẹbí lè rí ibi sọ̀ sí nígbà ọdún. Ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ọmọbìnrin ló ń ya àwòrán ilé, òun ló ṣe aṣáájú. Wọ́n fi fọ́tò iṣẹ́ náà hàn mí lórí fóònù, àmọ́ ojú mi kò ríran dé inú fóònù mọ́, mo ṣáà ń ní ó dára. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fi mọ́tò wá gbé mi láti Àkúrẹ́. Mo wọlé. Láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀, mo ń rí igi gúáfà tó wà lẹ́yìnkùlé.

Mo béèrè pé ògiri àárín ńkọ́.

Ọmọbìnrin náà ní, "Èyí tó wà láàárín kíṣíìnì méjèèjì yẹn? A ti wó o, Mọ́mì. Kò tiẹ̀ le rárá. Ẹnìkan ṣoṣo ló fi òòlù wó o, kí àwọn bíríkìlà yòókù tó mu ẹ̀kọ tán."

Wọ́n rò pé ó ti rẹ̀ mí, wọ́n gbé àga fún mi. Mo bá sọ ìtàn náà fún wọn bí mo ti ń sọ ọ́ fún yín yìí, àmọ́ ní ṣókí, bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ọmọbìnrin náà wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú, omi sì ti wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ó dùn yín ni? Bí ẹ bá fẹ́, a lè mọ ọ́n padà."

Mo wá inú ara mi wò bóyá mo fẹ́. Ẹni tó ní kí wọ́n wó o ti lọ. Ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n wó o ti lọ. Màámi tó kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀ náà ti lọ. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ó dára.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ, èmi kò sì bá a jà. Ohun tí bàbá mi kò lè ṣe kí ìyàwó rẹ̀ lè padà wálé, ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣe é kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ pálọ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà sì wọlé lóòótọ́. Mo jókòó sínú rẹ̀ títí wọ́n fi ní kí a máa lọ.